Ẹ̀kán Tó Kù Lórí Pátákó Bàbá

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé inú Suyin burú jù, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n fojú rẹ̀ rí. Ọdún mọ́kànlá ló fi gbé bàbá rẹ̀ sókè tó tún gbé e sọ̀ kalẹ̀, tó ń fi nudùlù tín-ín-rín bọ́ ọ bí ọmọ ìkókó, tó ń nù ún, tó ń pààrọ̀ ẹní lábẹ́ rẹ̀, tó ń fi àwọn aládùúgbò ṣẹ̀fẹ̀ kí bàbá lè rẹ́rìn-ín. Bàbá kú ní ọjọ́ Ajé, ọwọ́ rẹ̀ ló kú sí. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, gbogbo ẹni tí kò mọ ẹ̀gbẹ́ tí bàbá fi ń sùn ti di aláṣẹ lórí òkú rẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Ti àwọn wọ̀nyí yàtọ̀, wọn ò tilẹ̀ sunkún.

Agbẹ́gi ni Zhuang Wenqi, bàbá Suyin, ní àdúgbò àwọn agbẹ́gi nínú ìlú wọn létí òkun Fujian. Àwọn kan ń gbẹ́ ère níbẹ̀, àwọn kan ń gbẹ́ ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì. Pátákó òkú ni ti ilé Zhuang. Ẹni tó bá kú níbẹ̀, pátákó rẹ̀ ni yóò máa bá àwọn ọmọ gbé. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, wọ́n á gbẹ́ orúkọ òkú sí i, wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ nínú yàrá iwájú, wọ́n á máa tan tùràrí síwájú rẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Nínú ìkọ̀wé wọn, àmì kan lè jẹ́ odidi ọ̀rọ̀, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kan ló sì máa ń parí ohun tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Ìlà mẹ́ta tó dùbúlẹ̀ ni, ìlà kan tó dúró gba àárín wọn kọjá, àti àmì kékeré kan lókè pátápátá bí ẹ̀kán omi. Bí ẹ̀kán yẹn kò bá sí níbẹ̀, "ọba" ni ẹni tó mọ̀wé yóò kà. Bí ó bá wà níbẹ̀, ó di "onílé". Agbẹ́gi kì í sì í fi ẹ̀kán yẹn sí i. Ó máa ń fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ní ọjọ́ ìsìnkú, lójú gbogbo ẹbí, ni ẹnìkan yóò mú búrọ́ọ̀ṣì, yóò tì í bọ yíǹkì pupa, yóò sì kán an sí i. Ìgbà yẹn ni òkú tó wọlé tó jókòó. Títí di ìgbà yẹn, igi lásán ni.

Ọmọ ọdún méje ni Suyin nígbà tí bàbá rẹ̀ fi ìka ya ọ̀rọ̀ náà sínú èérún igi fún un. Ó ní kó wò ó dáadáa, àtùpà ni. Àwọn ará àtijọ́ tí wọ́n ń fín ọ̀rọ̀ sára egungun àti idẹ, àtùpà ni wọ́n yà: ẹsẹ̀ rẹ̀ rèé, abọ́ epo rèé, iná rèé lókè. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ ló ti kọ ọ́ láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ àti abọ́ ti gbẹ, wọ́n ti di ìlà lásán. Iná nìkan ló ṣì dà bí iná. Bàbá wá ní, "Àwa là ń mọ àtùpà, Suyin. Àwa kọ́ là ń tàn án. Ẹni tó bá ni òkú ló ni iná." Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ létí.

Nígbà tí ọwọ́ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Suyin gba ọ̀bẹ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Àwọn èèyàn ń ti ibi gbogbo wá, oníkálukú sì ní bó ṣe ń fẹ́ ẹ. Àwọn ará orí òkè ń fẹ́ kí igi ojú ẹ̀kán gbẹ dáadáa, torí ẹ̀jẹ̀ ìka ni wọ́n ń kán sí i, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún ìka àárín ọmọ olókùú. Àwọn apẹja erékùṣù ń fi ẹ̀jẹ̀ ogbe àkùkọ ṣe é. Àwọn ará òdìkejì odò ní tàwọn, ojú méjì ni kí ó fi sílẹ̀ lófìfo, ìlà kan nínú ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àti ẹ̀kán yìí. Àwọn tó ti ṣí lọ sí òkè òkun ń fẹ́ kí ẹ̀kán tẹ̀ sí apá òsì díẹ̀, bí àwọn baba wọn ṣe gbé e lọ láyé ọjọ́un. Gbogbo rẹ̀ ni Suyin mọ̀ lórí. Ó ti gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà ju ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ, kò sì kán ẹ̀kán kan ṣoṣo rí láyé rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, ẹbí jókòó yí àwo tíì ká. Guoheng, àbúrò Suyin ọkùnrin, ti dé láti ìlú ńlá Xiamen pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ gbọọrọ. Ọdún mẹ́rin ni Suyin fi jù ú lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì fi pọ̀n ọ́n. Bàbá Kẹta, àbúrò bàbá wọn, ló jókòó sí ipò àgbà, torí òun ló kù nínú àwọn ọkùnrin ìran náà. Suyin bu tíì fún wọn tán, ó wá sọ tẹnu rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní òun kò bèèrè ilé, òun kò bèèrè ilẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni òun ń fẹ́: kí òun kán ẹ̀kán bàbá òun.

Bàbá Kẹta mu tíì rẹ̀ tán kó tó dáhùn. Ó ní agbẹ́gi kì í kán ẹ̀kán, Suyin fúnra rẹ̀ mọ̀. Ó ní ká tiẹ̀ yọ tàgbẹ́gi kúrò, ọmọbìnrin ni. Bí ọmọbìnrin bá tan iná ilé, iná ọ̀hún á bá a lọ sílé ọkọ, ilé bàbá á sì ṣókùnkùn.

"Ilé ọkọ wo, Bàbá Kẹta?" ni Suyin bi í.

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé àwọn méjì wá tọrọ rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lọ́mọge, wọ́n sì mọ̀ pé ó ní òun kò lè fi bàbá sílẹ̀. Nígbà náà, wọ́n yìn ín. Wọ́n ní ọmọ gidi ni. Ìyìn yẹn ni wọ́n wá sọ di ẹ̀sùn lọ́jọ́ náà, àfi bí ẹni pé òun ló lé ọkọ kúrò níwájú ara rẹ̀ nítorí àfojúdi.

Guoheng wá sọ̀rọ̀. Ó ní kí Àǹtí òun má bínú, òun ti ṣètò gbogbo rẹ̀. Òun ti pe Ọ̀gá Shen, olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ̀wé ní gbogbo agbègbè náà, èèyàn ńlá tí wọ́n ń gbé àwòrán rẹ̀ síta. Òun ni yóò kán an. Láyé àtijọ́, ṣebí àwọn olówó máa ń pe ìjòyè wá kán ẹ̀kán bàbá wọn, ẹ̀yẹ ló jẹ́. Òun sì ti ra pátákó tuntun bọ̀ láti ìlú ńlá, ẹ̀rọ ló gbẹ́ ẹ, wúrà rẹ̀ ń tàn yinrin.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Zhuang Wenqi tó gbẹ́ pátákó fún òkú ìlú mẹ́tàdínlógún, ẹ̀rọ ni kí ó gbẹ́ tirẹ̀. Ọkùnrin tó tọ́jú ìtì igi lóńgánì kan, igi eléso líle, sábẹ́ ibùsùn rẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún, tó ń sọ pé "tèmi nìyẹn", wọ́n ní kí ó wá gbé inú igi tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ta ni nǹkan báyìí kò ní bí nínú?

Suyin ti gbẹ́ igi lóńgánì náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ikú bàbá ló ti jókòó tì í, omijé ń kán sí i, ó ń fi apá aṣọ nù ún, ó ń gbẹ́ lọ. Ó lọ gbé e wá, ó ṣí aṣọ pupa tó fi wé e, ó gbé e kalẹ̀ síwájú wọn. Kò kùn ún ní ọ̀dà, kò lẹ wúrà mọ́ ọn, torí bàbá kò fẹ́ràn kí wúrà bo ojú igi. Guoheng wò ó, ó ní ó dára o, ṣùgbọ́n àlejò pọ̀, àwọn èèyàn á rò pé ilé Zhuang kò lówó lọ́wọ́.

"Ẹ gbé e pa mọ́, Àǹtí mi," ló wí.

Suyin wé e padà. Ó gbé e padà lọ sí ilé iṣẹ́.

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, àgbàlá kún. Pósí wà láàárín, àwọn tó fẹ́ gbé e ti so okùn, wọ́n ti gbé ọ̀pá lé èjìká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan wò. Awòràwọ̀ ti yan wákàtí: kí wọ́n kán ẹ̀kán, kí pósí sì jáde kí aago mọ́kànlá tó lù. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n lé òkú sójú ọ̀nà láìní ilé. Àwọn ọkùnrin dúró sí apá òsì nínú aṣọ ọ̀fọ̀ funfun, àwọn obìnrin dúró sí apá ọ̀tún. Ẹ̀yìn àwọn obìnrin ni wọ́n fi Suyin sí, pẹ̀lú àwọn ìyàwó ìbátan tí kò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ tí wọ́n rí bàbá. Ó kàn dúró síbẹ̀ ni.

Ọ̀gá Shen jáde síta. Ọkùnrin gíga ni, ó ti darúgbó díẹ̀, ó wọ gíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Guoheng kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó kẹ́yìn sí i, wọ́n sì gbé pátákó oníwúrà náà lé e lẹ́yìn bí àṣà ṣe wí, aṣọ pupa ṣì bò ó. Ọ̀gá Shen ti búrọ́ọ̀ṣì bọ yíǹkì. Ó kọjú sí ìlà oòrùn, ó kí oòrùn, ó ké gbólóhùn ìre àkọ́kọ́, gbogbo ẹbí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Wọ́n ṣí aṣọ pupa. Ọ̀gá Shen gbé ọwọ́ sókè, ó gbé e wálẹ̀, ó sì dá ọwọ́ dúró lófuurufú.

Ó tẹjú mọ́ pátákó náà. Ó tún gíláàsì rẹ̀ ṣe.

"Ta ló ti kán an?" ló bèèrè, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

Guoheng kò lè yíjú padà nítorí ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀. Láti ibi tó kúnlẹ̀ sí ló ti dáhùn pé kò sẹ́ni tó kán an. Òun ló tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù tí òun fi ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ, bó ṣe máa ń wà nínú ìwé ni òun ṣe tẹ̀ ẹ́, tòun ti ẹ̀kán rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

"Mo rò pé ẹ kàn máa fi pupa kùn ún ni, sà."

Háà! Ọmọ agbẹ́gi o! Ọmọ tí wọ́n bí sáàárín èérún igi, tó ń fi ojú ẹ̀kán tó ṣófo ṣeré nígbà tó ń rákòrò! Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Nígbà tí ìyá wọn kú, òkè òkun ló wà, ọ̀la ló ní òun máa wá, Bàbá Kẹta ló kán tìyá. Bí ó bá ti dúró lójú ìsìnkú kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ì bá ti mọ̀.

Ìkùnsínú bẹ́ sílẹ̀. Ẹnìkan ní kí Ọ̀gá Shen ṣáà tẹ búrọ́ọ̀ṣì lé e. Ọ̀gá Shen mi orí, ó ní òun kì í tan iná tó ti ń jó. Bàbá Kẹta wo aago, ó lé díẹ̀ ní aago mẹ́wàá ààbọ̀. Ó wá na ìka kọjá orí gbogbo àwọn obìnrin, ó sì pe Suyin. Ó ní òun ló ní ọ̀bẹ, òun ló lọ́wọ́ tí kì í gbọ̀n, kí ó tètè wá ha ẹ̀kán yẹn kúrò kí àlejò lè rí ibi kán tirẹ̀ sí.

Suyin gba ẹ̀yìn lọ sí ilé iṣẹ́, ó sì padà dé pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́ kan, àti igi tó fi aṣọ pupa wé lábẹ́ apá kejì. Àwọn èèyàn ti ń mí kanlẹ̀, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ó dé iwájú Bàbá Kẹta, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀bẹ náà lé orí tábìlì tùràrí níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni kí ẹ ha á, Bàbá Kẹta," ló wí. "Ó lé ní ẹgbẹ̀rún tí mo ti gbẹ́, n kò kán ọ̀kan rí. Mo ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ olókùú. Bàbá tèmi wá kú, ẹ wá ní kí n fi ọ̀bẹ pa iná rẹ̀, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè ráyè tún un tàn. Ẹ̀rọ ti tàn án. Ẹ̀rọ ti di àkọ́bí ilé yìí. Ẹ lọ pè é wá kí ó wá gbé pósí, kí ó sì máa wá tan tùràrí ní ìrọ̀lẹ́."

Bàbá Kẹta kò ṣe bí ẹni tó gbọ́. Ó ní kò burú, kí wọ́n fi tẹ̀rọ sílẹ̀, kí ó gbé tirẹ̀ yẹn wá, ojú ẹ̀kán ṣá wà níbẹ̀, kí Ọ̀gá Shen kán an, kí òkú jáde.

"Tèmi rèé," ni Suyin wí, ó sì rọ̀ mọ́ ọn. "Èmi ni n ó kán an. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ gbé ti ẹ̀rọ wọlé."

"Àṣà wa kò gbà bẹ́ẹ̀."

"Àṣà ibo?" Ohùn rẹ̀ wá lọ sókè. "Mo gbẹ́ tàwọn ará òkè, ẹ̀jẹ̀ ìka ni. Mo gbẹ́ ti erékùṣù, ẹ̀jẹ̀ àkùkọ ni. Opó kan wá láti òdìkejì odò, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọbìnrin yẹn ló kán ti bàbá rẹ̀, ilé wọn kò ṣókùnkùn, wọ́n ṣì ń ra tùràrí lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀kán kan náà ni, ibi gbogbo ló ní bó ṣe ń kán tirẹ̀. Gbogbo wọn ni mo mọ̀. Kò sí ibì kan nínú gbogbo rẹ̀ tí ẹni tó nu ìdí òkú ti máa ń dúró lẹ́yìn."

Obìnrin kan lẹ́yìn sọ jẹ́jẹ́ pé ẹni ọmọ sin ló bímọ, wọ́n ní kó dákẹ́, kò dákẹ́, ó tún un sọ. Àwọn tó fẹ́ gbé pósí wo ara wọn, wọ́n wo òkè. Aago mọ́kànlá kù díẹ̀. Bàbá Kẹta wo Ọ̀gá Shen kó lè gbà á sílẹ̀. Ọ̀gá Shen kàn bi Guoheng ní ìbéèrè kan, ó ní ìgbà wo ló rí bàbá rẹ̀ kẹ́yìn nígbà tó wà láàyè. Guoheng ní ọdún tuntun. Ó tún wá ní rárá, kì í ṣe ti ọdún yìí, kì í sì í ṣe ti èṣí.

Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ó gbé pátákó oníwúrà náà kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí òkúta àgbàlá.

"Ẹ gbé tiyín lé mi, Àǹtí mi. Mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀ torí pé o ò dúró," ni Suyin wí.

Bàbá Kẹta pe orúkọ Guoheng lẹ́ẹ̀kan, ó tún pè é lẹ́ẹ̀kejì. Guoheng tẹ orí ba, kò jẹ́ ẹ. Suyin tú aṣọ pupa, ó gbé igi lóńgánì náà lé ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀, ọmọ tí òun náà ti pọ̀n rí. Ọ̀gá Shen fi ọwọ́ méjèèjì na búrọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì sún sẹ́yìn.

Ẹ má rò pé inú rẹ̀ ti rọ̀. Inú ń bí i síbẹ̀, ó ń bí i sí Bàbá Kẹta, ó ń bí i sí ẹni tó kúnlẹ̀, ó tiẹ̀ ń bí i sí bàbá tó kú láìfi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún wọn nípa ẹni tí yóò kán an. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó gbé e wálẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó ku bí ìbú irun kan kí ó kan igi, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà á. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ọwọ́ yẹn ti ń dúró níbẹ̀, kò mọ ọ̀nà tó kọjá ibẹ̀. Gbogbo àgbàlá ń wò ó. Ó rí ẹ̀yìn Guoheng tó ń gbọ̀n, ó rí igi tó ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Ó rántí bí ó ṣe máa ń di bàbá mú lábẹ́ apá kí ó tó gbé e sọ̀ kalẹ̀, bí ó ṣe máa ń sọ pé, "Ó yá, Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ." Ó sọ ọ́ báyìí, ketekete, lójú gbogbo wọn, ó sì tẹ búrọ́ọ̀ṣì náà mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kán náà tóbi jù. Igi tí a kò fi ọ̀dà kùn mu yíǹkì, pupa náà sì ṣàn díẹ̀ sí apá òsì. Láti ìgbà tí Suyin ti ń di ọ̀bẹ mú, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì ṣe ohun tó burẹ́wà tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Kẹta na ọrùn wò ó. "Ó wọ́," ló wí.

"Iná wo lẹ rí tó ń jó tó dúró gún?" ni Suyin dá a lóhùn.

Aago kò tíì lù. Báńgà dún lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọkùnrin gbé pósí sókè, Suyin gbé pátákó kúrò lẹ́yìn Guoheng, Guoheng dìde, ó sì tẹ̀ lé wọn láìnu orúnkún rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ibi ìsìnkú dé, Suyin kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba pátákó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba ojú ọ̀nà iwájú wọlé, ó rékọjá ti ẹ̀rọ tó dojú bolẹ̀ lágbàlá, ó gbé bàbá rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ lórí pẹpẹ, ó sì sọ fún un pé ó ti délé.